Ìwọ̀n Agbára Òkun àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ó Wà ní Ìlà-Oòrùn Wa

Ìgbì tí ń fọ́ sí etí òkun Àgbádárìgì ní oṣù Agẹmọ àti oṣù Ògún, nígbà tí àwọn apẹja erékùṣù Gberefu bá ti fa ọkọ̀ wọn gòkè sí abẹ́ igi àgbọn, kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti wá. Ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, níbi tí òkun ti ń dì gbagidi yí ilẹ̀ Antarctica ká ní àkókò òtútù wọn, ìjì a máa jà láìsinmi lórí omi tí kò ní ilẹ̀ kan tí yóò dá ọwọ́ rẹ̀ dúró; ìjì náà ni ó ń bí ìgbì, ìgbì náà a sì kọrí sí àríwá, a rin ìrìn tí ó ju 5,000 kìlómítà lọ, kí ó tó wá sọ ẹrù agbára tí ìjì gbé rù ú kalẹ̀ lórí iyanrìn wa. Kì í ṣe àlọ́ ni mo ń pa. Ní ọdún 1963, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Walter Munk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ irú ìgbì bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Antarctica la gbogbo òkun Pàsífíìkì já títí dé Alaska, wọ́n sì fi ẹ̀rọ dá a mọ̀ ní ibùdó kan lẹ́yìn èkejì, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti í dá ipa ẹsẹ̀ ẹran mọ̀ nínú igbó.

Ìbéèrè tí ó ń ti inú ọ̀rọ̀ yìí jáde, tí mo sì fẹ́ kí a jọ jókòó tì fún ìgbà díẹ̀, ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ ènìyàn, tí òní nìkan jẹ́ tirẹ̀, máa wọn agbára òkun alagbalúgbú, kí ó sì máa sọ tẹ́lẹ̀ bí yóò ti lu odi àti èbúté ní ọdún tí òun fúnra rẹ̀ kò ní sí láyé mọ́? Ní ìlú mìíràn, ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni irú ìbéèrè báyìí ti lè wá. Ṣùgbọ́n ní Àgbádárìgì, níbi tí Zangbeto ti ń ṣọ́ òru fún àwọn ará Ògù tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, níbi tí a ti kọ́kọ́ wàásù Kérésìmesì ilẹ̀ yìí lábẹ́ igi Agia ní ọdún 1842, níbi tí a sì ti ń bọ Olókun láti ìgbà tí àgbà kan kò lè rántí, ọ̀rọ̀ òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi lásán. Àgbà kan lè sọ pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ọ̀la, kí a fi í sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó ka ìwé Jóòbù mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá ni a sọ pé ó fi ààlà fún òkun. Ẹni tí ó sì gbọ́ ìtàn ẹnu àwọn àgbà mọ̀ bí Olókun, aláṣẹ ibú, ọba tí ilé rẹ̀ kún fún iyùn àti ìlẹ̀kẹ̀, ti fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ ọmọ aráyé lọ́wọ́ nígbà ìwáṣẹ̀, kí a tó dá a dúró sí ibi tí ó wà. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn mú òṣùwọ̀n lọ sí etí òkun dà bí kí ó máa ka eyín ọba.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì fi ojú kékeré wo àwọn tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú mi yàtọ̀ sí wọn wà nínú àṣà tiwa gan-an. Àwọn baba wa kò jókòó kí wọ́n káwọ́ gbera nítorí pé Olódùmarè ni ó ni ọ̀la. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí òní ti rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó: àìmọ̀ ọ̀la ni ó sọ bíbéèrè di dandan, kì í ṣe èyí tí ó sọ ọ́ di èèwọ̀, bíbéèrè náà kò sì tán ní ẹ̀ẹ̀kan, nítorí èsì ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ti gbó. Ẹni tí ó bá béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì mọ odi lé èsì náà lórí títí ayé, òun ni ó ń ṣe àfojúdi, kì í ṣe ẹni tí ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí wọ́n mọ òkun yìí ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí àwọn apẹja etí òkun bá fẹ́ ti ọkọ̀ wọ omi ní òwúrọ̀, wọn kì í kàn rọ́ lu ìgbì. Wọn á dúró, ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan á wà ní etí ọkọ̀, omi á dé orúnkún wọn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Àgbà inú wọn, ẹni tí àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdí ọkọ̀, kì í wo ìgbì tí ń fọ́ níwájú rẹ̀. Èyí tí ó ṣì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí ó kàn ń wú díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹja ńlá, ni ó ń wò. Ó mọ̀ pé àwọn ìgbì ńlá kì í dá rìn, agbo ni wọ́n ń kó wá, àti pé bí agbo náà bá ti kọjá, omi á sinmi fún ìgbà díẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n fọ́, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó kígbe, gbogbo wọn á sì ti ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn á fò wọ inú rẹ̀, wọn á sì ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́ kí agbo mìíràn tó dé. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ta ni yóò sọ fún mi pé ọkùnrin yìí kò wọn òkun, tàbí pé wíwọ̀n tí ó wọ̀n ọ́n dín ọ̀wọ̀ tí ó ní fún Olókun kù?

Ohun tí àwọn onímọ̀ fi kún ọgbọ́n rẹ̀ ni irin àti ìwé àkọsílẹ̀. Ní ọdún 1845, ọdún kan náà tí àwọn míṣọ́nárì CMS parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn sí Àgbádárìgì, èyí tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì kan tí ń jẹ́ Thomas Stevenson ní ẹ̀rọ kan tí a dè mọ́ àpáta Skerryvore láàárín òkun. Ẹ̀rọ náà kò le í yé ni: abọ́ irin pẹrẹsẹ kan ni ó kọjú sí ìgbì, sípíríìnì sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ìgbì bá gbá abọ́ náà wọlé, àwọn òrùka awọ tí a fi sí ara ọ̀pá inú rẹ̀ á sún, wọn kò sì ní padà, kí ẹni tí ó bá wá wò ó nígbà tí omi bá fà lè rí ibi tí ìgbì tí ó le jù lọ tì wọ́n dé. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, àwọn òrùka wọ̀nyẹn jẹ́rìí sí agbára tí ó tó tọ́ọ̀nù 29 lórí ààyè tí kò ju mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Stevenson yìí ni ó sì tún yàwòrán odi èbúté ìlú Wick, òun àti arákùnrin rẹ̀. Ní ọdún 1872, ìgbì ya búlọ́ọ̀kù ńlá kan tí ó tó tọ́ọ̀nù 1,350 kúrò lára odi náà, wọ́n fi èyí tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 2,600 rọ́pò rẹ̀, ọdún 1877 ni òkun tún gbé ìyẹn náà lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n lé agbára ìgbì lọ́wọ́ aráyé ni òkun dá lẹ́kun lẹ́ẹ̀mejì báyìí. N kò rí ẹ̀sín kankan nínú rẹ̀, ohun tí mo rí ni pé ọrọọrún ti pé, Ifá tuntun sì ti dé.

Ní àwọn ilẹ̀ tí òkun ti ń dì, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ níhìn-ín, bí yìnyín kò tilẹ̀ ní dé etí òkun wa láéláé. Níbẹ̀, kì í ṣe omi ni ó ń lu ilé, omi dídì tí ó nípọn tó gíga ènìyàn, tí afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ń tì bọ̀ ní odidi pápá kan, ni ó ń wá fi àyà ti irin. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Igbe ọdún 1986, ní òkun Beaufort ní àríwá Kánádà, irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ti ilé ìwapo kan tí ń jẹ́ Molikpaq. Bí yìnyín náà ti ń fọ́ tí ó sì tún ń tì í ní ìlù kan náà pẹ̀lú ìgbọ̀n ilé ọ̀hún, gbogbo ilé náà ń gbọ̀n, iyanrìn tí a rọ sí inú rẹ̀ kí ó lè wúwo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí omi. Ẹ̀rọ ìwọ̀n wà lára ilé náà lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí agbára náà ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iyàn wọn, ohun kan dúró tí ó ń mú mi ronú: agbára tí yìnyín lè fi ti ilé kò lè ju èyí tí yóò fọ́ yìnyín náà fúnra rẹ̀ lọ. Àìlera rẹ̀ ni òpin agbára rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n kọ́ afárá Confederation ní Kánádà, tí a ṣí ní ọdún 1997, tí ó gùn tó kìlómítà 12.9, fi ṣe ẹsẹ̀ afárá náà ní ojú omi bí òkòtó tí ó dorí kodò, kí yìnyín lè gùn ún gòkè kí ó sì dá sí méjì, nítorí yìnyín tí ó le koko bí a bá fún un pọ̀ a máa yára dá bí a bá tẹ̀ ẹ́. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ ni; ẹni tí ó mèrò wá ibi tí agbára ẹlòmíràn pin sí.

Ìgbì tiwa náà ní òpin. Bí ó ti wù kí ìjì ìsàlẹ̀ ayé gbé e ga tó, nígbà tí ó bá dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́, kò lè ga púpọ̀ ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìjìn omi náà lọ kí ó tó wó lulẹ̀. Ìyẹn ni pé kì í ṣe òkúta ni ó kọ́kọ́ ń dá òkun dúró ní Àgbádárìgì, iyanrìn ni: iyanrìn tí ó tẹ́ sí abẹ́ omi, tí ojú kò rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì san owó rẹ̀. Iyanrìn yìí ni pèrègún tí Ẹlẹ́dàá gbìn sí ààlà òkun. Bí a bá fà á tu, omi á jìn níwájú odi wa, ìgbì tí ó ga jù ti àná lọ á lè dé ìdí rẹ̀, gbogbo ìṣirò tí a fi mọ odi náà á sì di èké, láìjẹ́ pé òkun fi ohunkóhun kún agbára rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́ ìṣirò bọ́ sọ́wọ́ ìwà. Ẹnjiníà kò lè sọ ọjọ́ tí ìgbì ńlá yóò dé. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò kó àkọsílẹ̀ ìgbì jọ, yóò sì fi wá gíga èyí tí a lè retí ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín 100 ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá gbọ́ èyí á mí kanlẹ̀, á ní nígbà náà kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìpín tirẹ̀, ọ̀kan nínú 100, kò sì sí ọdún tí ó ń dúró de èkejì. Odi tí a bá mọ fún 50 ọdún ní ewu bí i 40 nínú 100 láti bá ìgbì náà pàdé kí ọjọ́ ayé rẹ̀ tó pé. Ta ni yóò pinnu pé ewu bẹ́ẹ̀ kéré tó láti gbé mọ́ra? Ìṣirò kò lè pinnu rẹ̀. Ènìyàn ni yóò pinnu, ènìyàn náà sì lè jẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí òkun.

Ohun tí ó tún burú ju èyí lọ ni ti agbára tí odi bá kọ̀. Ìgbì láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn kì í gún etíkun wa ní ọ̀gánrán. Ó ń dábùú wá, ó sì ń kó iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ìgbà tí ó bá fọ́, láti Gánà kọjá Tógò, kọjá Bẹ̀nẹ̀, wọ ilẹ̀ wa, tí àwọn tí wọ́n wọ̀n ọ́n sì fojú bù ú pé ó lè tó mílíọ̀nù kan kúbíìkì mítà lọ́dún ní àwọn ibòmíràn. Ẹni tí ó bá na odi òkúta sínú òkun, ó ti dí ọ̀nà yìí. Ìwọ̀-oòrùn odi rẹ̀ á máa ga, ìlà-oòrùn rẹ̀ á máa jẹrà, nítorí ìgbì tí a gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í lọ lọ́wọ́ òfo. Yóò wa iyanrìn mìíràn níwájú. Wọ́n mọ èbúté Lomé, tí ó ṣí ní ọdún 1968, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun lọ sí apá Aného. Wọ́n mọ èbúté Kútọnu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ará ìlà-oòrùn Kútọnu sì rí ilé, ọ̀nà àti igi tí ó wọ omi lọ. Kí ó tó kan àwọn wọ̀nyí ni ó ti kan Èkó: láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni àwọn Òyìnbó na odi ńlá méjèèjì sí ẹnu òkun kí ọkọ̀ lè gba orí ebè iyanrìn kọjá, òkúta Aro ní Abẹ́òkúta ni wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin kó wá fún iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò lè sẹ́ ẹ. Èkó kì bá tí jẹ́ Èkó tí a mọ̀ lónìí bí kò bá sí odi wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n iyanrìn gúnlẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn odi, Bar Beach tí ó wà ní ìlà-oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, títí òkun fi jẹ ilẹ̀ tí ó lé ní kìlómítà kan wọlé, tí ìjọba kan lẹ́yìn èkejì sì ń rọ́ iyanrìn sí i tí òkun sì ń kó o. Ní oṣù Ògún ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Èkó lóru, ó sì gbé ènìyàn lọ. Lónìí odi ńlá mìíràn wà níbẹ̀, èyí tí a ń mọ yí Eko Atlantic ká, tí a pinnu pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5, a dán àwòrán rẹ̀ kékeré wò nínú agbada ìgbì ní Dẹ́ńmáàkì kí a tó mọ ọ́n, a sì fi búlọ́ọ̀kù onígun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó tọ́ọ̀nù márùn-ún bo ojú rẹ̀, kí omi lè máa wọ àárín wọn kí ó sì rẹ̀ níbẹ̀. N kò ní sọ pé iṣẹ́ náà kò dára fún àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Okun Alfa, tí wọ́n wà ní ìlà-oòrùn, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ké pé òkun tí kò rí ọ̀hún jẹ ti kọjú sí àwọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ babaláwo, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa rí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú gbogbo ìsọtẹ́lẹ̀ yìí. Bí Ifá bá sọ ibi fún ẹni tí ó wá béèrè, kì í fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Yóò sọ ẹbọ tí yóò rú. Ìsọtẹ́lẹ̀ láìsí ẹbọ, ìdájí ìsọtẹ́lẹ̀ ni. Rírú ẹbọ ní í gbeni, àìrú kì í gbènìyàn. Àwọn àgbà sì mọ̀ pé ẹbọ tòótọ́ a máa kan ènìyàn mìíràn, pé a máa pín in, pé ẹni tí ó rú u tí ó sì dá nìkan jẹ ẹ́ kò tíì rú nǹkan kan. Ẹni tí ó bá wọn ohun tí òkun yóò fi ṣe odi rẹ̀, tí kò wọn ohun tí odi rẹ̀ yóò fi ṣe ẹni tí ó wà ní ìlà-oòrùn, kò tíì dífá tán. Ẹbọ ẹnjiníà sì wà, kò farasin: iyanrìn ni. Ní Ọsirélíà, ní ẹnu odò Tweed, láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa iyanrìn tí odi dá dúró, tí wọ́n sì ń tú u sí òdì kejì kí ó lè máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ méjì ni wọ́n sì jọ ń ṣe é, nítorí ẹnu ààlà ni odò náà wà. Owó rẹ̀ pọ̀, kò sì ní òpin níwọ̀n ìgbà tí odi bá ṣì dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń yẹra fún un, nítorí a máa ń fẹ́ ẹbọ tí a ó rú lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì tán.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan Àgbádárìgì fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ètò èbúté omi jíjìn tí a fẹ́ mọ sí etíkun yìí, inú mi sì dùn sí i, nítorí ìlú tí a kó ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ gba Gberefu kọjá sí oko ẹrú kò lẹ́ṣẹ̀ kankan tí ọkọ̀ olówò kò fi yẹ kí ó gúnlẹ̀ sí i fún ire. Ṣùgbọ́n títí di òní, Àgbádárìgì ni ẹni tí ó wà ní ìlà-oòrùn Kútọnu. Lọ́jọ́ tí odi èbúté tirẹ̀ bá wọ òkun, òun náà di ẹni tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ẹlòmíràn, àwọn abúlé tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sà àti òkun, tí àgbọn àti àwọ̀n jẹ́ gbogbo ohun ìní wọn, ni yóò sì di ẹni tí ń wo ojú rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru; ṣùgbọ́n níhìn-ín, àwa gan-an ni a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ìjòyè Àkràn tí í ṣe ọba Àgbádárìgì, àwọn aṣojú wa, àti àwọn ẹnjiníà tí yóò yàwòrán rẹ̀, pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọn iyanrìn kí wọ́n tó wọn òkúta. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ fún àwọn ará abúlé wọ̀nyẹn ní èdè Ògù àti ní Yorùbá, ní gbangba, kí àwọn apẹja lè fi ohun tí àwọn náà ti rí dá a lóhùn. Bí a bá ti lè sọ iye tí ìgbì ń kó kọjá ibẹ̀ lọ́dún kan, tí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ẹni tí yóò máa gbé e kọjá odi, ẹ̀rọ tí yóò fi gbé e, àti àpò tí owó rẹ̀ yóò ti máa jáde níwọ̀n ìgbà tí odi náà bá ṣì wà, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá tíì lè sọ ọ́, kí a dá òkúta àkọ́kọ́ dúró ná.